Àwọn tí ò níwèé l'Amẹ́ríkà: ṣé kí wọ́n lé gbogbo wọn ni àbí kí wọ́n fún wọn níwèé?

IjokaBoy:
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn Àkúrẹ́. Àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa l'Ọjà Ọba lánàá, a ò rí i parí. Ọ̀gá mi ní kí Trump máa lé wọn lọ, ó ní òfin lòfin. Èmi ò gbà torí àbúrò mi wà ńbẹ̀, físà ló fi wọlé, físà yẹn ti kú tipẹ́, ó ti fẹ́yàwó ó ti bímọ, ó ń ṣiṣẹ́ ó ń san owó orí, màmá wa wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá sílé kí àwọn fojú kàn án, ó ní òun ò lè wá, màmá sì ti gbà pé ọmọ ti kọ àwọn sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ kí ló so ó mọ́bẹ̀? Kí ló sì dé tí àwọn olóṣèlú ibẹ̀ ò rí ọ̀rọ̀ yìí yanjú?

Broda_Alagbaka:
Àbúrò, má jẹ́ kí màmá bínú sí i o. Òfin kan wà tí Ààrẹ Clinton fọwọ́ sí lọ́dún 1996. Ẹni tí físà ẹ̀ bá kú tó wá dúró kọjá ọjọ́ 180, tó bá fi lè jáde báyìí, ọdún 3 ni kò ní lè padà wọlé. Tó bá ti tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún 10. Jíjáde yẹn gan-an ló ń fa ìyà ọ̀hún, ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ kò tíì kàn án. Òfin tí wọ́n ṣe kí èèyàn lè lọ, òun ló wá dè wọ́n mọ́lẹ̀! Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Àwọn ará Mẹ́síkò ayé ọjọ́un, wọ́n á wá kórè, wọ́n á padà sọ́dọ̀ ìyàwó wọn, ìgbà tí bọ́dà wá le ni wọ́n kúkú jókòó tí wọ́n kó ẹbí wá.

Ní ti òṣèlú, Ààrẹ Reagan fún bíi mílíọ̀nù 2.7 èèyàn níwèé lábẹ́ òfin ọdún 1986, òfin kan náà ní kí wọ́n máa fìyà jẹ ọ̀gá iṣẹ́ tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹni tí ò níwèé. Wọ́n fún wọn níwèé lóòótọ́ o, àmọ́ wọn ò mójú tó ti àwọn ọ̀gá iṣẹ́ bó ṣe yẹ, látìgbà yẹn ni apá kan ti ní àwọn ò tún ní gbà mọ́. Lọ́dún 2013 àwọn sẹ́nétọ̀ fi 68 sí 32 gba àbá kan tó máa fún wọn níwèé wọlé, ilé aṣòfin kejì ò tiẹ̀ gbé e síwájú rárá.

Ìyàwó àbúrò ẹ ńkọ́, ṣé sítísìn ni?

IyaIbeji_OkeAro:
Mi ò ní kí wọ́n já ọkọ gbà lọ́wọ́ aya o. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣàánú yìí, ta ló ń ṣàánú ẹni tó tò sórí ìlà? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jáde ní FUTA, ó kó gbogbo ìwé ẹ̀ jọ, ó sanwó físà, wọn ò fún un, ó gbà bẹ́ẹ̀ ó padà sílé, kò gba ẹ̀yìn fò. Kí n wá sọ kí ni fún un tí wọ́n bá ní kí ẹni tó sá pamọ́ máa bọ̀ wá gbàwé? Ìjọba gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń wọlé. Ṣebí Akeredolu, gómìnà wa nígbà yẹn, náà ló ní lọ́dún 2021 kí àwọn darandaran kúrò nínú igbó ọba láàárín ọjọ́ 7, kí ẹni tó bá fẹ́ da ẹran wá forúkọ sílẹ̀, gbogbo wa la pàtẹ́wọ́.

IjokaBoy:
Ẹ ṣé Bọ̀dá. Mo ti pè é, ó ní gíríìnì káàdì nìyàwó òun ní.

BabaOndo:
Ìyá Ìbejì, tàwọn darandaran yàtọ̀ díẹ̀ o, ọmọ Nàìjíríà lọ̀pọ̀ nínú wọn, abala 41 ìwé òfin 1999 sì fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti gbé ibi tó bá wù ú. Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ṣojú mi. Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà yẹn, lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gánà lọ́dún 1969, ọ̀sẹ̀ méjì péré, àwọn tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀. Àwa náà wá ṣe tiwa ní January 1983, ìjọba Shagari, ọdún ìbò lọ́dún yẹn, owó epo ti já wálẹ̀, wọ́n ní àwọn àlejò ló gbaṣẹ́ wa. Àwọn ará Gánà tí wọ́n lé tó bíi mílíọ̀nù kan. Gánà ti ti bọ́dà pa nígbà yẹn, wọ́n há sójú ọ̀nà ní Kùtọnu, tọmọ tẹrù. Tíṣà Gánà ló kọ́ mi ní ìṣirò, bó ṣe di ẹrù ẹ̀ lọ nìyẹn, ilé ìwé wa ò rí ẹlòmíì fún ìgbà pípẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ní a ó rí dà? Oṣù December ọdún yẹn náà sọ́jà gbàjọba. Wọ́n tún lé wọn lọ́dún 1985, kò sí nǹkan tó tibẹ̀ jáde.

Broda_Alagbaka:
Baba, ẹ ṣé gan-an sà. IjokaBoy, gíríìnì káàdì nìkan ò tíì tó. Tí ìyàwó yẹn bá ti lo ọdún 5 lórí ẹ̀ kó kọ̀wé fún sítísìn kíákíá. Tó bá ti di sítísìn, torí pé ọkọ fi físà wọlé lọ́nà tó tọ́, ó lè gbàwé láìjáde kúrò níbẹ̀, lẹ́yìn náà á lè wálé kó sì padà. Kó tó kọ nǹkankan kó lọ bá lọ́yà ìmígíréṣọ̀n tòótọ́, kì í ṣe àwọn tó ń fi ẹ̀rù gba owó lọ́wọ́ èèyàn.

IyaIbeji_OkeAro:
Ọlọ́run á jẹ́ kó bọ́ sí i fún un. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí Baba, mi ò fẹ́ irú ti 1983 fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ìlà ṣì wà lọ́kàn mi. Tí wọ́n bá máa fún wọn níwèé, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fẹ̀ fáwọn tó ń tò náà lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sì mú àwọn ọ̀gá iṣẹ́ tó ń jẹ èrè lórí wọn.