Stent Bàbá mi ṣí gbayawu, àyà ṣì ń dùn wọ́n: ṣé wọ́n lè dá oògùn dúró?

Ẹni tó béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́. Bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Abẹ́òkúta, ni mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn lé lórí. Oṣù kẹrin rèé tí àrùn ọkàn kọlù wọ́n lójijì, tí ilé ìwòsàn kan ní Èkó sì fi stent, irin kékeré tó ń mú kí iṣan ṣí sílẹ̀, sí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn. Dókítà ní kí wọ́n máa lo aspirin 75 mg àti clopidogrel 75 mg, oògùn méjì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, lójoojúmọ́ fún odidi ọdún kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì wa, àyà ṣì máa ń fún wọn pọ̀, wọ́n á sì fara ti ògiri títí yóò fi rọlẹ̀. A padà lọ, dókítà tún yàwòrán iṣan náà, stent ṣí gbayawu. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn iṣan tíntìntín ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Látìgbà náà ni Bàbá ti ń sọ pé owó lásán ni oògùn yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ka páálí clopidogrel wọn: ọgbọ̀n tó yẹ kó tán, mọ́kànlá ló ṣẹ́kù. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní erìgì àwọn. Ṣé wọ́n lè dá a dúró? Àbí ticagrelor, oògùn mìíràn tó jọ clopidogrel, ló máa tún àwọn iṣan kékeré náà ṣe? Wọ́n tún ń lo omeprazole nítorí ọgbẹ́ inú.

Nọ́ọ̀sì ẹ̀ka ọkàn, London:
Ẹ má jẹ́ kí Bàbá fo oògùn náà mọ́. Irin híhun bí àwọ̀n ni stent. Kí awọ inú iṣan tó bò ó, àwọn platelet, èérún inú ẹ̀jẹ̀ tó ń dí ojú ọgbẹ́, máa ń fẹ́ kó jọ lé e lórí, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì dì síbẹ̀, iṣan ńlá náà lè dí lójijì, kó sì gba ẹ̀mí. Ohun tí oògùn méjèèjì ń dènà nìyẹn. Ọdún kan ni a sábà máa ń lo méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn ìkọlù. Dókítà ọkàn lè gé e kúrú fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dà jù, ṣùgbọ́n òun ni yóò pinnu, kì í ṣe Bàbá. Ẹ̀jẹ̀ erìgì díẹ̀ kò tó ìdí láti dá a dúró; ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà tàbí èébì ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn fún lọ́jọ́ náà gan-an.

Apòògùn kan, Ìbàdàn:
Omeprazole yẹn ni ojú mi wà lára. Ẹ̀dọ̀ ló ń yí clopidogrel padà kó tó lè mú platelet, omeprazole sì máa ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ bi dókítà bóyá pantoprazole, oògùn ọgbẹ́ inú mìíràn, ṣeé fi rọ́pò. Ẹ má kàn yọ ọ́ lásán o, nítorí aspirin àti clopidogrel léwu fún ọgbẹ́ inú. Bí ibuprofen bá wà nílé fún orúnkún, ẹ kó o kúrò: ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dà, ó sì lè dènà iṣẹ́ aspirin.

Ní ti ticagrelor, ìwádìí PLATO tó jáde ní 2009, tó kó aláìsàn tó lé ní 18,000 jọ, fi hàn pé láàárín ọdún kan, ikú láti ọ̀nà ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀, ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ kan 9.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò ó, ó sì kan 11.7 nínú àwọn tó lo clopidogrel. Ticagrelor ń mú kí adenosine, èròjà ara kan tó ń la àwọn iṣan tíntìntín, pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn oníwádìí fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó sì máa ń mú kí èémí há àwọn kan. Síbẹ̀, kì í ṣe oògùn ìrora iṣan kékeré. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, ẹni tó ń fo ti ẹ̀ẹ̀kan, ṣé kò ní fo ti ẹ̀ẹ̀mejì?

Bàbá kan tó ní stent, Òṣogbo:
Bí bàbá yín ṣe ń bínú yìí ni èmi náà bínú. Ohun tó là mí lójú ni àwòrán tí dókítà fi hàn mí: iṣan ńlá yọ bí ẹ̀ka igi, lẹ́yìn rẹ̀ òfìfo. Ó ní nínú òfìfo yẹn gan-an ni àwọn iṣan tí kò tó ìdajì mìlímítà wà, àwọn ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ ẹran ọkàn, stent kò sì lè dé ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ tí mo fọwọ́ yẹpẹrẹ mú fún ọdún púpọ̀ ló bà wọ́n jẹ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, statin (oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù), beta-blocker (oògùn tó ń mú kí ọkàn rọra lù) àti rírìn díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀ ni wọ́n fi ràn mí lọ́wọ́. Kò lọ tán, ṣùgbọ́n mo ti ń gun àtẹ̀gùn ilé mi láìdúró. Ẹ tún ṣọ́ra fún onísègùn eyín: ọ̀kan ní kí n dá oògùn méjèèjì dúró kó tó yọ eyín mi. Dókítà ọkàn kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n yọ eyín náà láìdá oògùn dúró; mo kàn fi ẹnu há òwú pẹ́ díẹ̀ ni.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí Bàbá. Wọ́n ní bí iṣan kò bá hàn nínú àwòrán, báwo ni dókítà ṣe mọ̀ pé ó wà níbẹ̀? Ibuprofen wà nínú àpò agbádá wọn lóòótọ́. Dókítà ti fi pantoprazole rọ́pò omeprazole, àbúrò mi tó ń bá wọn gbé ló sì ń gbé clopidogrel fún wọn pẹ̀lú ẹ̀kọ àárọ̀ báyìí. Páálí ti kúrò lọ́wọ́ wọn.