Wi-Fi ò tan lórí Ubuntu, Windows náà wá ń bèèrè nọ́ńbà onídíjíìtì 48, ẹ gbà mí o

ọmọ_lágere: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan ni mo rà ní Lágere níbí, Windows 11 ló wà lórí ẹ̀, mo wá fi Ubuntu sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ torí pírójẹ́ẹ̀tì mi, gbogbo ẹ̀ lọ dáadáa àfi Wi-Fi. Mo fi wáyà so fóònù mọ́ ọn, mo dáúnlóòdù dúráífà tó ń jẹ́ kí Wi-Fi ṣiṣẹ́, ó ní kí n mú páswọ́ọ̀dù kan, mo mú un, mo rísítáátì, ojú búlúù kan bá yọ, mo rò pé fáírọ́ọ̀sì ni, mo yáa tẹ Continue boot. Wi-Fi ò tan. Bọ̀dá tó ń tún fóònù ṣe ní Sábó ní kí n pa Secure Boot, mo pa á, Wi-Fi tan lóòótọ́, àmọ́ Windows wá ń bèèrè nọ́ńbà onídíjíìtì 48 lọ́wọ́ mi. Kí tiẹ̀ ni Secure Boot yìí?

ìjẹ̀ṣà_gidi: Àbúrò, fọkàn balẹ̀. BitLocker, ìyẹn ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa, ló ń bèèrè nọ́ńbà yẹn, òṣómàáló gidi ni, ó ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. TPM, ṣíìpù kan inú láptọ́ọ̀pù, ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ dísìkì, ó sì ń ṣọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń tan, bó ṣe rí i pé Secure Boot ti kú báyìí ó láwọn ò mọra. Tan Secure Boot padà nínú BIOS, níbi tó o ti pa á, BitLocker á dákẹ́. Tí ò bá dákẹ́, wo àkáǹtì Microsoft ẹ, ibẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn sábà máa ń wà. Tó bá wá jẹ́ àkáǹtì ẹni tó lò ó kó o tó rà á ni, háà, ìwọ àti ẹni tó tà á fún ẹ nìyẹn o.

ìyá_ìbejì: Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀. Oníduuró ni Secure Boot ń wá, bí ìgbà téèyàn fẹ́ yáwó ní kọpuréètì. Kọ́kọ́rọ́ Microsoft ti wà nínú ẹ̀rọ látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é, Microsoft buwọ́ lu nǹkan kékeré kan tó ń jẹ́ shim, shim dúró fún GRUB tó ń gbé Ubuntu dìde àti kernel tó jẹ́ ọkàn Ubuntu, kernel náà ò ní gba dúráífà tẹ́nì kankan ò dúró fún. Dúráífà tìẹ yìí, orí láptọ́ọ̀pù ẹ ni wọ́n ti sè é, ìwọ fúnra ẹ lo máa ṣoníduuró ẹ̀. Ojú búlúù tó o sá fún yẹn gan-an nìwé tó yẹ kó o buwọ́ lù! Tan Secure Boot, wọ Ubuntu, ṣí Terminal, kọ eléyìí síbẹ̀, MOK inú ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ tìẹ tó o fi ń ṣoníduuró:

sudo mokutil --import /var/lib/shim-signed/mok/MOK.der

Mú páswọ́ọ̀dù, rísítáátì, má dìde lọ bu gààrí o, torí ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ló máa fi dúró dè ẹ́. Enroll MOK, Continue, Yes, páswọ́ọ̀dù, ó tán.

ọmọ_lágere: Ẹ ṣé gan-an mà! Wọ́n múná lọ ni mi ò ṣe tètè fèsì. Ó ti ṣiṣẹ́, Windows ò bèèrè nǹkan kan mọ́, Wi-Fi náà tan. Mo sọ fún bọ̀dá Sábó, ó lóun mọ̀ tẹ́lẹ̀.