Kílò tó ń gòkè nínú oyún: ṣé kí n dín oúnjẹ kù ni?

Aláboyún, Muṣin
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin àǹtí. Oyún mi ti pé ọ̀sẹ̀ 26. Kí n tó lóyún, ìwọ̀n mi jẹ́ kílò 68, gíga mi sì jẹ́ mítà 1.62; ní klíníìkì Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo ti di kílò 79. Nọ́ọ̀sì tó kọ ọ́ sínú káàdì mi kàn mirí ni, kò ráyè ṣàlàyé nítorí èrò pọ̀ lẹ́yìn mi. Ìyá ọkọ mi ní kí n má dá wọn lóhùn, pé ẹni méjì ni mo ń jẹun fún, ọ̀rẹ́ mi kan sì ní kí n jáwọ́ nínú ẹ̀bà pátápátá kí ọmọ má baà tóbi jù. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ṣé ara yìí á sì fọn lẹ́yìn ìbímọ?

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, Yábà
Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o. Bí ara ti rí kí oyún tó dé la fi ń ṣírò iye kílò tó yẹ kó kún. Bí ẹ bá sọ 1.62 di púpọ̀ lọ́nà 1.62, tí ẹ fi iye náà pín 68, ẹ óò rí nǹkan bíi 26; iye yìí, tí wọ́n ń pè ní BMI, ló ń fi ìwọ̀n ara wé gíga. Ẹni tó wà láàárín 18.5 sí 24.9 lè fi kílò 11.5 sí 16 kún títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wà láàárín 25 sí 29.9, bíi tiyín, kílò 7 sí 11.5 ni. Ẹ ti fi 11 kún, oyún sì ṣì ku oṣù mẹ́ta. Ohun tí ẹlẹgbẹ́ mi rí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí mímì kì í ṣe àlàyé.

Síbẹ̀, ẹ má fi ebi pa ara yín, ẹ má sì fẹnu kan àgbo tí wọ́n ní ó ń fọn ara. Ẹ dín òkèlè kù, kí ẹ fi ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹ̀wà kún àwo, kí ẹ sì ṣọ́ mínírà tí à ń rà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, nítorí ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀. Ní ti ọmọ tó tóbi jù, ìtọ̀ ṣúgà inú oyún wà lára ohun tó ń fà á. Ẹ bèèrè àyẹ̀wò rẹ̀, tí a máa ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju kílò lọ ni kí ara kún lójijì láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí ojú àti ọwọ́ wú débi tí òrùka kò bọ́ mọ́, kí orí máa fọ́, kí ojú sì máa ṣe bàìbàì. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá dé 140/90, tàbí tí ẹ rí àwọn àmì wọ̀nyí, ẹ má dúró de ọjọ́ klíníìkì.

Ìyá Ìbejì, Ṣómólú
Ọ̀já tí ìyá mi dì mọ́ mi níkùn lẹ́yìn ìbímọ jẹ́ kí n lè nàró dáadáa, àmọ́ ọ̀rá ibẹ̀ kò gbọ́ ti ọ̀já. Fífún ọmọ lọ́yàn máa ń jó ọ̀rá díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ebi rẹ̀ kò kéré, ẹ̀kọ gbígbóná ni mo sì ń mu lóru. Ẹ má kánjú.

Aláboyún, Muṣin
Ẹ ṣeun, mà. Òrùka mi ṣì ń bọ́, 110/70 ni wọ́n kọ sí káàdì. Wọn ò tíì ṣe àyẹ̀wò ṣúgà yẹn fún mi.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, Yábà
Ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá dá ọjọ́ fún un, ẹ má jẹun láti òru. Omi lásán nìkan ni kí ẹ mu kí ẹ tó débẹ̀.