Mò ń lọ sí Paris: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni kí n wò ni, àbí pápá bọ́ọ̀lù?

Ọmọ Agbẹ́gilére (Kétu)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa tó wà lókè òkun. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ránṣẹ́ pè mí sí Paris, fíísà sì ti jáde. Igi gbígbẹ́ ni iṣẹ́ ilé wa. Owó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni bàbá mi fi tọ́ wa, èmi náà sì ń gbẹ́ ẹ báyìí. Ọ̀rẹ́ mi kan ti to ìlú sílẹ̀ fún mi: Paris, Brussels, Berlin, Milan, London. Ó ní kí n ya fọ́tò ní gbogbo pápá ìṣeré tí mo bá kàn. Bọ́ọ̀lù wù mí lóòótọ́. Láti ìgbà tí Sessègnon, agbábọ́ọ̀lù Benin wa, ti wà ní PSG, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Paris, ni mo ti ń fẹ́ fojú ara mi rí Parc des Princes, pápá wọn. Àmọ́ bàbá mi ní kí n wá àwọn igi wa tí òyìnbó kó lọ, kí n wo bí àwọn àgbà ṣe gbẹ́ ẹ. Owó ọwọ́ mi kò tó nǹkan. Èwo ni kí n mú, èwo ni kí n fi sílẹ̀?

Ọmọ Àjàṣẹ́

Kú oríire, àbúrò. Yọ London kúrò. Fíísà Faransé á gbé ọ dé Brussels, Berlin àti Milan, ṣùgbọ́n ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀ fún agbẹ́gilére, torí British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní London, ni ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ wà, wọn kì í sì í gba owó ẹnu ọ̀nà níbẹ̀. Ní 1924, wọ́n pàtẹ ilẹ̀kùn yẹn ní Wembley, nínú ọgbà tí pápá ìṣeré Wembley àtijọ́ wà. Ọjọ́ tí o bá rí fíísà wọn gbà, má ṣe pa á jẹ.

Ìyá Ìbejì (Saint-Denis)

Àbúrò mi, ọmọ Kétu ni èmi náà, ilé wa kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ibodè àtijọ́ ìlú wa. Má lọ sí ìlú márùn-ún. Ẹni tó ń já bọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin kan kó sínú òmíràn, ibùdókọ̀ ló máa rí jù. Dúró sí Paris.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Quai Branly ni kí o kọ́kọ́ lọ. Etí odò Seine ló wà, o lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti Eiffel. Wọn kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé. Ọ̀fẹ́ ni ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ tí bàbá rán ọ, ọjọ́ tí èrò kò pọ̀ ló dáa. Wọn kì í tan iná púpọ̀ níbẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń ba aṣọ àti ọ̀dà jẹ́. Mú ìwé àti pẹ́ńsùlù lọ, kí o fọwọ́ yà á.

Inú gíláàsì lo máa bá igi náà, òun nìkan, láìsí aṣọ, láìsí ìlù. Ẹni tí kò wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí á rò pé ojú ni wọ́n fi ń bò. Ìwọ mọ̀ pé orí ni wọ́n ń gbé e lé. Torí náà bẹ̀rẹ̀, wo abẹ́ rẹ̀: bí wọ́n ṣe gbẹ́ inú rẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó má wúwo, ihò okùn, ojú ọ̀bẹ, ọ̀dà tuntun lórí ọ̀dà àtijọ́. Kí o wá ka ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ òyìnbó tó gbé e wá ló wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ kò sí. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an. Bí o bá dá ọwọ́ ilé kan mọ̀, kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìwọ àti bàbá kọ lẹ́tà sí wọn.

Àwọn ẹrù 26 tí Faransé dá padà fún Benin wa ní 2021, ti ààfin Àbọ̀mẹ̀ ni, tí àwọn ọmọ ogun Dodds, ọ̀gágun Faransé, kó ní 1892. Ère irin Gu, Ògún tiwa, kò sí lára wọn.

Ní ti bọ́ọ̀lù, wá sọ́dọ̀ wa níbí, kí o wo Stade de France. Ó gba nǹkan bí 80,000 ènìyàn, ibẹ̀ ni Zidane ti fi orí kan bọ́ọ̀lù méjì sílé Brazil ní 1998. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìjókòó ìsàlẹ̀ máa ń sún sẹ́yìn ní mítà 15, kí ojú ọ̀nà àwọn eléré ìje lè yọ. Láti ibẹ̀, yà sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n sin àwọn ọba Faransé sí. Wọ́n gbẹ́ òkúta bí ọba tó sùn, títí kan ìṣẹ́po aṣọ. Ìwọ á gbádùn rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Ohun tí Ìyá sọ dáa, ṣùgbọ́n pápá tí kò sí bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Tíkẹ́ẹ̀tì PSG ti wọ́n jù. Lọ wo Red Star ní Stade Bauer, ní Saint-Ouen. Jules Rimet tó dá Ife Àgbáyé sílẹ̀ ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1897. Àwọn èrò ibẹ̀ máa ń kọrin ṣáá ni. Ọjà ẹrù àtijọ́ tún wà nítòsí, tí wọ́n ti ń ta igi Áfíríkà. Yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, wàá dá èyí tí kò pẹ́ mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ Agbẹ́gilére (Kétu)

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Paris nìkan ni mo mú. Ìyá mi, bàbá ní kí n bi yín: ṣé gbogbo igi tí wọ́n ní ló wà nínú gíláàsì?

Ìyá Ìbejì (Saint-Denis)

Rárá o, èyí tó wà ní àká pọ̀ jùyẹn lọ. Fọ́tò ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Tẹ «Gelede» àti «Kétou» sí i, jókòó ti bàbá, kí ẹ wò ó papọ̀ kí o tó wọkọ̀. Nọ́mbà èyí tí bàbá bá dá mọ̀ ni kí o mú wá, a ó jọ kọ lẹ́tà náà ní Faransé.