Ọkọ̀ mi ń gbọ̀n tó bá dúró, àmì timing rẹ̀ ò sì dúró sójú kan

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, ẹ́ńjìnnì oníṣílíńdà 4. Injector ló ń fún un ní epo, àmọ́ distributor ló ṣì ń pín iná fún àwọn pulọ́ọ̀gì.

Láàárọ̀, kò níṣòro. Ìgbà tó bá gbóná tán ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀: tí mo bá dúró, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, ọwọ́ RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) á já wálẹ̀ sí bíi 500, á tún fò dé 1,100. Lórí eré, ara rẹ̀ balẹ̀.

Mo ti pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì àti wáyà wọn, mo sì ti fọ throttle body (ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì). Mo fín carb cleaner yí gbogbo rọ́bà vacuum ká kí n lè mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ń jò wọlé, ohùn ẹ́ńjìnnì ò yí padà rárá.

Timing, ìyẹn àsìkò tí pulọ́ọ̀gì ń ṣáná, gan-an ló rú mi lójú. Mo so wáyà pọ̀ ní diagnostic connector kí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ má baà máa yí i fúnra rẹ̀, mo wá tan timing light (iná tó ń ṣẹ́jú nígbà tí pulọ́ọ̀gì bá ṣáná) sí àmì tó wà lára púlì. Dígírì 10 ló yẹ kó wà, àmọ́ àmì náà ń jó láàárín 6 sí 14. Nígbà tí mo di ọ̀pá distributor mú tí mo mì ín, ó ń yẹ̀ díẹ̀.

Mẹkáníìkì ní injector ni kí n rà. Kò wọ̀ mí létí, torí injector kì í mú àmì timing jó. Ṣé ọ̀pá tó ti jẹ yìí nìkan lè fà á, àbí timing belt (bẹ́líìtì eléyín inú ẹ́ńjìnnì) ló ti dẹ̀? Tí belt bá fo eyín, ṣebí àmì á kàn sún síbì kan ni? Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ ọ́n kí n tó tú ìdérí belt?