Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìdánwò ICAN pẹ̀lú ADHD

ỌmọMile2
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìdánwò ICAN (ẹgbẹ́ àwọn akáúńtáǹtì Nàìjíríà) ti oṣù Kọkànlá ni mò ń gbára dì fún, ìpele Professional tó gbẹ̀yìn. Mile 2 ni mò ń gbé, Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá ni dókítà sọ fún mi pé ADHD, ìṣòro àìlè pa ọkàn pọ̀ sójú kan, ló ń bá mi fínra láti kékeré. Tí mo bá jókòó ti ìwé Corporate Reporting (ìròyìn ìṣirò owó ilé iṣẹ́), ojú mi á wà lórí ìlà, ọkàn mi á ti dé Badagry. Mo lè ka ojú ewé kan lákàtúnkà kí n má lè sọ ohun tó wà níbẹ̀. Àmọ́ tí nǹkan bá wọ̀ mí lára, màá jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́, màá sì gbàgbé oúnjẹ. "Múra sí i" ni gbogbo èèyàn ń sọ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ bó ṣe ń rí, báwo lẹ ṣe ṣe tiyín? Ibo lẹ ti ń kàwé? Kí ló ràn yín lọ́wọ́?

Ìyá Ìbejì Sùúrùlérè
Àbúrò mi, kú ìfaradà. Èmi náà ní ADHD. Ìgbà tí wọ́n ń yẹ àkọ́bí mi wò ni dókítà yíjú sí mi, torí ó máa ń rìn nínú ìdílé. Mo ti di akáúńtáǹtì báyìí. Fífi agídí múra ò tó fún irú wa. Ohun tó máa gbé wa dúró gbọ́dọ̀ wà níta orí wa: aago tó ń dún, èèyàn tó jókòó tì wá, ìbéèrè tó wà níwájú wa.

Torí náà, má fi ìwé bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. ICAN máa ń gbé Pathfinder sórí ìkànnì wọn: ìbéèrè àtẹ̀yìnwá, ìdáhùn, àti ọ̀rọ̀ olùyẹ̀wò nípa ibi táwọn tó jókòó ìdánwò ti kùnà. Tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, torí tó o bá ń kà á lórí fóònù, WhatsApp á gbé ọ lọ. Ka ohun tí wọ́n ní kó o ṣe kó o tó ka ìtàn ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ sókè. Fi báírò fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń pàṣẹ: "calculate", "discuss", "advise". Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fò máa ń dáhùn ohun tí wọn ò bi í. Wọ́n á ní kó gbani nímọ̀ràn, á ṣírò tán, á ṣí ojú ewé kejì. Tó o bá gbìyànjú ìbéèrè náà tó o sì rí ibi tó há, ìgbà yẹn ni kó o ṣí ìwé, kó o sì ka ibi tó há yẹn nìkan.

Nípa àkókò: wákàtí mẹ́ta ni fún máàkì 100, yàtọ̀ sí ìṣẹ́jú 15 tí a fi ń ka ìbéèrè. Ìyẹn já sí ìṣẹ́jú 36 fún ìbéèrè onímáàkì 20, ìṣẹ́jú 27 fún onímáàkì 15. Kí o tó kọ ohunkóhun, kọ àkókò tí o máa dáwọ́ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè. Tó o bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá, kọ "10:36" gàdàgbà síbẹ̀. Tó bá tó, fi àyè sílẹ̀, bọ́ sí òmíràn. Ó máa ń dunni, pàápàá tí ìṣirò bá kù díẹ̀ kó bálánsì, àmọ́ máàkì 50 ni wọ́n fi ń yege, ìbéèrè tí o kò fọwọ́ kàn ò sì ní fún ọ ní nǹkan kan. Aago tábìlì ni kó o máa fi ṣe é nílé, kì í ṣe fóònù.

Àgbà Ìkòròdú
Ẹ má bínú sí mi o. Nígbà tiwa, a kì í gbọ́ ADHD. Àdúrà àti ìkóra-ẹni-níjàánu la fi ṣe tiwa, ká jí ní aago mẹ́rin ìdájí. Ẹ̀rù ń bà mí kí ọmọ má lọ fi orúkọ àìsàn de ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì Yábàá
Ẹ ṣeun bàbá, a mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú yín sọ ọ́. Ó wà nígbà tiyín náà, sà. Ẹ rántí ọmọ tí wọ́n ń nà ní kíláàsì lójoojúmọ́ torí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, àti èyí tó máa ń sọ báírò àti ìwé nù, tí wọ́n ń pè ní olódo bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ pé. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé. Bí ọpọlọ ṣe ń darí àkíyèsí ni. Dókítà ò ní fọwọ́ sí i àfi tí àmì rẹ̀ bá ti ń hàn kí ọmọ tó pé ọdún 12. Àdúrà ò ní kéèyàn má gba ìtọ́jú.

ỌmọMile2, ṣé wọ́n ti kọ oògùn fún ọ? Methylphenidate máa ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ téèyàn lò ó. Atomoxetine máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó fara hàn. Tó o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn tàbí kí dókítà yí i padà, ìsinsìnyí ni, má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Kí wọ́n máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ, torí àwọn méjèèjì lè gbé e sókè. Má gba hóró kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, má sì lọ rà á ní Ìdúmọ̀tà lọ́wọ́ ẹni tí kò béèrè ìwé dókítà.

Obì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ lóru ńkọ́? Kaféènì ló wà nínú rẹ̀, bíi ti kọfí. Tí oorun bá bàjẹ́, àkíyèsí tí kò tó tẹ́lẹ̀ á tún dín kù. Wá oorun sùn, mo bẹ̀ ọ́.

Ọmọ Ẹ̀bùté Mẹ́ta
Ọ̀rẹ́, èèyàn ni kó o wá. Tí èmi bá dá wà nílé, mi ò lè kàwé, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá jókòó níwájú mi tó ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, màá ṣe tèmi. Kò pọn dandan kó mọ ìṣirò owó. Àbúrò mi obìnrin tó ń ránṣọ ni mo máa ń jókòó tì. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, màá sọ fún un pé "ìbéèrè kejì ni mo fẹ́ ṣe". Tí ìṣẹ́jú 25 bá pé, á dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì, á ní kí n fi han òun. Ohun tí mo kọ ò yé e, àmọ́ á wò ó bóyá ojú ewé kún. Ìyẹn nìkan tó fún mi. Lọ́jọ́ tí kò bá sí nílé, ilé ìkàwé Herbert Macaulay ní Yábàá ni mo máa ń lọ.

Bí o ṣe ń gbé Mile 2 yẹn, rélùwéè Blue Line ni kó o máa wọ̀. Ibùdó márùn-ún péré ló ní, ìgbésẹ̀ IFRS 15, ìlànà ìṣirò owó tó ń wọlé lọ́wọ́ oníbàárà, náà sì jẹ́ márùn-ún. Fi ohùn ara rẹ gbà á sílẹ̀, kó o máa gbọ́ ọ ní íápíìsì. Ní Mile 2, àdéhùn dà? Ní Súrù-Alábà, kí la ṣèlérí fún oníbàárà? Ní Òrílé, èló ni? Ní National Theatre, pín owó náà sórí ìlérí kọ̀ọ̀kan. Tó o bá dé Marina, ìgbà wo la lè kà á sí owó tó wọlé? Má gbé ìwé ńlá wọ ọkọ̀ rárá.

Aṣírò Ọbáléndé
Ohun tẹ́nì kankan ò tíì sọ: ẹ lè béèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò ìdánwò. ACCA, ẹgbẹ́ akáúńtáǹtì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ètò fún irú wa, bíi kí wọ́n fi àkókò kún un fúnni, tí ìwé dókítà bá wà. PMI, àwọn tó ń ṣètò ìdánwò PMP fún àwọn alábòójútó iṣẹ́, náà ń ṣe é láìgba owó lé e, kéèyàn ṣáà béèrè kó tó mú ọjọ́ ìdánwò. Fún ICAN, kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ìdánwò wọn báyìí, má dúró di oṣù Kẹwàá. Fi ìwé dókítà tì í, kó o sì sọ ohun tí o fẹ́ ní pàtó: àfikún àkókò, tàbí ìjókòó tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Tí wọ́n bá fèsì lẹ́nu, ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Àgbà Ìkòròdú
Mo ti kà á, Nọ́ọ̀sì. Ẹ ṣeun. Ó mú mi rántí ẹnì kan nílé wa, ó ti lé lógójì ọdún. Ṣé irú rẹ̀ ṣì lè lọ fún àyẹ̀wò?

Nọ́ọ̀sì Yábàá
Bẹ́ẹ̀ ni sà, ọjọ́ orí ò dí i lọ́wọ́. Ọsibítù ọpọlọ tìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, LUTH ní Ìdí-Àràbà, tàbí LASUTH n'Ìkẹjà. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní kékeré bá a lọ, torí wọ́n á béèrè bó ṣe rí nígbà ọmọdé. Tí ìwé èsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá ṣì wà, kó mú un dání. Ohun tí tíṣà kọ sísàlẹ̀ ibẹ̀ wúlò gan-an.

ỌmọMile2
Ọlọ́run á bá mi san án fún gbogbo yín. Mo ti ń tẹ Pathfinder, mo sì máa kọ lẹ́tà yẹn lọ́la. Sátidé ló kù tó ń yọ mí lẹ́nu. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí kò sí ìnáwó nínú ẹbí wa.

Ìyá Ìbejì Sùúrùlérè
Rán owó aṣọ ẹbí àti ọmọ ẹbí kan lọ. Sọ fún màmá yín nísinsìnyí pé títí di oṣù Kọkànlá ni, kó má baà dà bí ìjà.

Ọmọ Ẹ̀bùté Mẹ́ta
Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, pàdé mi ní Yábàá ní Sátidé tó ń bọ̀. Fi nọ́ńbà rẹ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Gbé aago tábìlì dání. Advanced Taxation (ìwé owó orí) la máa fi bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè kan, ìṣẹ́jú 36.