Spillway: "Ọ̀nà Àpọ̀jù" ni Mo Fara Mọ́, Kì í ṣe "Àkúnwọ́sílẹ̀"

Ẹ̀yin àgbà àti akẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Ìkòròdú.

Àbá tó wà níwájú wa ni pé kí a máa pe spillway, ìyẹn ọ̀nà tí a là sí dáàmù kí omi tó bá pọ̀ jù lè gbà á ṣàn lọ, ní "àkúnwọ́sílẹ̀". Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ni lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn, nítorí pé ó fún ewu àti ohun tí a fi ń dènà ewu ní orúkọ kan ṣoṣo. Bí omi bá kún tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gba orí dáàmù kọjá, ìyẹn gan-an ni àkúnwọ́sílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé iyẹ̀pẹ̀ ni a fi mọ dáàmù ọ̀hún, omi náà lè máa bu ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ títí yóò fi ya. Kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀ ni a ṣe ń la ọ̀nà mìíràn fún omi.

Ní oṣù Kẹwàá kan tí omi gòkè ní Májídùn, ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ gbọ́ lórí rédíò pé dáàmù Ọ̀yán, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ti kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ó ti fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ tábìlì sókè, ó ń to apẹ̀rẹ̀ ẹja lé e, ló bá yíjú sí mi: "Ọmọ mi, ṣé dáàmù ti ya ni?" Kò ya. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ni, kí omi gba Odò Ọ̀yán wọ Odò Ògùn, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ wa kó tó wọ ọ̀sà. Ẹni tí wọ́n ṣí omi sí ṣì ráyè kó ẹrù. Ẹni tí dáàmù ya lù, ẹ̀mí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé sá.

"Ìtúmisílẹ̀" tí ẹlòmíràn dá lábàá sàn ju "àkúnwọ́sílẹ̀" lọ, àmọ́ spillway mìíràn kò ní ilẹ̀kùn rárá, omi fúnra rẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ kọjá láìsí ẹni tó tú u sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi mú "ọ̀nà àpọ̀jù" wá. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, ní Oroville ní ìpínlẹ̀ California, kọnkéré ọ̀nà àpọ̀jù fọ́, wọ́n sì ní kí àwọn ènìyàn tó lé ní 180,000 fi ilé sílẹ̀, síbẹ̀ dáàmù náà kò ya. Ọ̀rọ̀ méjì tó dá yàtọ̀ ni a fi lè sọ èyí kó yéni.

Ó tún ku "àtúnṣe", tí a fi ń pe iṣẹ́ tí a ń ṣe lórí dáàmù tó ti pẹ́. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí dáàmù Ọ̀yán. Bí dáàmù ṣe ń dàgbà, ẹrẹ̀ ń rọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ilé ń pọ̀ sí i létí odò, òjò sì lè ju èyí tí àwọn tó kọ́ ọ ṣírò lọ. Nǹkan kan lè má tíì bàjẹ́ níbẹ̀, kí iṣẹ́ sì pọn dandan, bẹ́ẹ̀ ohun tó bàjẹ́ ni etí wa ń retí nínú "àtúnṣe". Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí a máa sọ pé "ìfagbárakún dáàmù" àti "ìmúgbòòrò ọ̀nà àpọ̀jù".

Mo ti dán an wò. Mo sọ fún ìyá ẹlẹ́ja náà pé omi ti ń gba ọ̀nà àpọ̀jù ní Ọ̀yán. Kò béèrè bóyá dáàmù ti ya. Ó ní, "Ọjọ́ wo ni yóò dé ọ̀dọ̀ wa?"